Sátidé mẹ́jọ tí mo fi kọ́ sítátístíìkì l'Ájàṣẹ́: owó mi ò ṣòfò, àmọ́ mo ní ẹjọ́ rò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí láti bí oṣù méjì pé ibo ni mò ń lọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, mo ti parí, mo ti wá sọ ọ́. Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo, ni, àmọ́ mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò nípa wọn, mi ò sì fẹ́ kẹ́nì kankan wá bá mi ní ìsàlẹ̀ ilé. Ohun tí mo lè sọ ni pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àwọn mẹkáníìkì ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n bá ti ń dán alùpùpù wò, olùkọ́ wa á gbé ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ títí wọn á fi pa á.

Fún ẹni tí ò mọ̀ mí, mo ṣe sociologie ní yunifásítì Abomey-Calavi, mo gba licence mi, oyè àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò sítátístíìkì kí wọ́n tó jẹ́ kí n kọjá, mo sì búra lọ́jọ́ náà pé èmi àti ẹ ò ní pàdé mọ́. A tún pàdé. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán àti irun dídì la ń tọ́jú, tí àwọn tó ń fún wa lówó bá sì ti ní ká kọ ìròyìn, mélòó ni, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni, kí ló fi hàn, ojú mi á dá. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. 45.000 sẹfà fún Sátidé mẹ́jọ, aago 9 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Àwa mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀: àwọn tó ń kọ mémoire, ìwé àṣekágbá yunifásítì, nọ́ọ̀sì méjì, ẹ̀gbọ́n kan láti Kétu tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, ìyá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà, àtàwọn tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọ́n bá wá. Àwọn tó bá ìwé ẹ̀rí wá yìí, wọn ò gbádùn ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dùn. Olùkọ́ wa, bàbá kan tó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, kò kí wa tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fi kọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án sára pátákó: 25, 30, 30, 35, 40, 45, 50, 55, 500. Ó ní ká gbà pé owó oṣù àwọn èèyàn mẹ́sàn-án nínú sọ́ọ̀bù aránṣọ kan nìyẹn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹfà, ẹni tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀gá. Ó ní ta ló lè sọ iye tí èèyàn ń gbà níbẹ̀ fún òun? Gbogbo wa ti fa fóònù yọ, a ro ó pọ̀, 810, a pín in sí mẹ́sàn-án, ó di 90. Inú wa dùn, ṣé ẹ rí i, ìṣirò ò le. Ó wá ní ó dáa, ẹ fi ẹni tó ń gba 90.000 hàn mí. A wò ó lọ wò ó bọ̀. Kò sí. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó sún mọ́ ọn, àwọn mẹ́jọ wà nísàlẹ̀ jìnnà réré, ọ̀gá nìkan ló dá wà lókè.

Ó ní ohun tí a ṣe yẹn ni mọyẹ́nì, kò parọ́, àmọ́ àpò ọ̀gá ló gbé e sókè. Ó ní kí wọ́n tò sórí ìlà láti kékeré dé ńlá, ká wá mú ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, ẹni karùn-ún, 40. Ìyẹn ni mẹdíànì. Mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, mẹ́rin níwájú ẹ̀. Kí ọ̀gá lọ gba mílíọ̀nù 5 lọ́la, mọyẹ́nì á fò sókè, ẹni àárín ò ní mira níbi tó dúró sí. Kó tó jókòó ló tún gbé SMIG wọ̀ ọ́, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, tó jẹ́ 40.000 tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di 52.000 ní 2023. Ẹni tó bá gbé mọyẹ́nì 90.000 dání lè lọ sọ lórí rédíò pé sọ́ọ̀bù yìí ń san ju SMIG lọ dáadáa. Ẹ wá ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: 7 nínú 9 ni ò dé 52.000.

Mo jókòó síbẹ̀ tí ara mi ń gbóná. Torí ní èṣín, èmi fúnra mi, ọwọ́ mi yìí, ni mo kọ ìròyìn tó sọ pé àwọn ọmọ wa tó ti gba líbẹrasíọ́ǹ, tí wọ́n ti parí iṣẹ́ kíkọ́, ń rí báyìí báyìí lóṣù, iye tó dùn ún gbọ́, àwọn olówó pàtẹ́wọ́. Ọmọ méjì péré tó ti ṣí sọ́ọ̀bù ńlá sí Kútọnu ló gbé gbogbo wọn lẹ́yìn. Mo mọ̀ wọ́n. Mo tiẹ̀ lọ síbi ìṣílé ọ̀kan.

Iṣẹ́ àmúrelé ọ̀sẹ̀ kejì ni pé ká kọ gbogbo owó tí a ná láti ọjọ́ Àìkú dé ọjọ́ Àìkú, ká pín in sí oúnjẹ, ilé, zẹ́m (alùpùpù akérò), fóònù, ẹbí. Ó ní Ernst Engel, ọmọ Jámánì, ló rí i ní 1857 nígbà tó wo ìwé ìnáwó àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù, pé bí ìdílé bá ṣe tálákà tó ni ìdá tí oúnjẹ ń jẹ nínú owó ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ó ti lé ní ọdún 160, àwọn èèyàn ṣì ń fi ṣiṣẹ́. Tèmi, oúnjẹ jẹ ju ìdajì lọ. Arákùnrin kan wà tó jẹ́ pé káàdì fóònù ló fẹ́ẹ̀ẹ́ bá oúnjẹ dọ́gba, a fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí kíláàsì fi tú, àmọ́ ó ní ìyàwó òun wà ní Sabe, kí la fẹ́ kóun ṣe.

Ẹkáàtípù, bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n káàkiri jìnnà sí mọyẹ́nì, mi ò ní parọ́ fún yín, kò tètè wọlé sí mi lórí. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe é sórí ìwé, yíyọ kúrò, sísọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, ríro ó pọ̀, ọjọ́ náà ló yé mi. Lórí kọ̀ǹpútà o kàn ń tẹ nǹkan ni.

Sátidé kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Olùkọ́ bi wá pé báwo la ṣe ń ra gàrí. Akọ̀wé àwọn ọlọ́jà dáhùn kíá pé èèyàn á bù ú tọ́ wò ná. Ó ní níbo lẹ ti ń bù ú? Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó bá ń bù ú lókè, ọmọdé ni, èyí tó funfun tó gbẹ tó ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń gún sórí, ọwọ́ lo máa kì bọ àpò títí tó fi kan ìsàlẹ̀, o tún máa bù láti ẹ̀gbẹ́. Olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì lélẹ̀, ó ní màmá ti kọ́ wa tán, òun lè máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ eṣantíyọ́ǹ nìyẹn, àwọn díẹ̀ tí o bi láti fi mọ ti gbogbo. Ó sọ ti ìwé ìròyìn kan l'Ámẹ́ríkà ní 1936, tó fi káàdì ránṣẹ́ sí bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn pé ta lẹ máa dìbò fún sípò ààrẹ, tí èyí tó lé ní mílíọ̀nù 2 sì padà sọ́wọ́ wọn, wọ́n kà á, wọ́n ní Landon ló máa wọlé. Ìpínlẹ̀ 2 péré nínú 48 ni Landon mú, Roosevelt kó ìyókù lọ. Orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣa púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí, ẹ sì mọ̀ pé ìyà ń jẹ àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an láwọn ọdún yẹn, ẹni tó ní ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo ayé. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó kọ èsì padà kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ẹni tó ju káàdì nù. Gallup, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú, tó béèrè lọ́wọ́ èèyàn tí ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 2 yẹn, òun ló sọ ẹni tó máa wọlé. Wọ́n bu gàrí lókè, mílíọ̀nù méjì ẹ̀kúnwọ́, láti òkè kan náà.

Ọ̀nà àbáyọ ni kéèyàn ṣẹ́ kèké, kó má fi ojú yan ẹni tó máa bi. Tí o bá ṣẹ́ kèké dáadáa mú 100 èèyàn, ohun tí o rí lè fi bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí òótọ́, sókè tàbí sódò. Tó bá jẹ́ 400, ó di bíi 5. Tó o bá tún fẹ́ ìdajì ìyẹn, 1.600 ni, ìlọ́po mẹ́rin fún gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ gé àṣìṣe sí méjì. Ìyẹn gan-an ò sì dájú dánu, ìgbà 95 nínú 100 ló máa rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo bá a jiyàn sí ni pé kò síbi tí ìlú ṣe tóbi tó nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, Àjàṣẹ́ ní 264.320 èèyàn nínú ìkànìyàn 2013, Bẹ̀nẹ̀ lápapọ̀ ní 10.008.749, báwo ni 400 ṣe máa tó fún méjèèjì bákan náà? Ó ní tí o bá po àpò gàrí pọ̀ dáadáa, ṣé ẹ̀kúnwọ́ tó o máa tọ́ wò nínú àpò ńlá ju ti àpò kékeré lọ ni? Mo dákẹ́. Mo ṣì ń bínú sí i, àmọ́ mo dákẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá jáde síta. Wákàtí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń ṣiṣẹ́ la fẹ́ kà, wọ́n pín àwọn kan sí ọjà Ouando, wọ́n pín èmi sí Adjarra. Ẹ mọ̀ pé ọrún-ọrún ni ọjà Adjarra ń ná. Ọmọ Kútọnu kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ò gbọ́ Yorùbá, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni. Mo pa á rẹ́, mo kọ márùn-ún. Ó pa tèmi rẹ́. Ìjà fẹ́ẹ̀ẹ́ dé, àfi ìgbà tí a jókòó tí a na ìka jáde: àwa máa ń ka òní mọ́ ọn, òní tí ọjà ná ni ọ̀kan, ọjọ́ tó tún máa ná ni ìkarùn-ún, òun bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ọwọ́ ẹ̀ bá mẹ́rin. Ọjọ́ kan náà. Bí ìtàdógún tí a máa ń dá náà ṣe rí nìyẹn, 17 ni lẹ́nu wa, 16 ni lọ́wọ́ ẹni tó ń fo ọjọ́ àkọ́kọ́. Olùkọ́ ò dá ẹnì kankan láre, ó ní kí a kọ bí a ṣe ń kà sójú ìwé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí ẹni tó máa ka iṣẹ́ wa lẹ́yìn ọ̀la ò sí níbi tí a ti ń na ìka.

Kí a tó lọ, wọ́n ní kí kálukú dán ìwé ìbéèrè wò ládùúgbò ẹ̀. Ìyá alákàrà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Tokpota, mo lọ bá wọn ní bí aago 7 àárọ̀. Wọ́n ń fi orógùn po ẹ̀wà, òróró ti ń ho. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé, mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́ bí a ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: Màmá, ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? Mi ò ṣiṣẹ́ o, ọmọ mi. Ibo ni mo ti kàwé tí mo máa ṣiṣẹ́?" Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ̀wà sínú òróró lọ, ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan, láìwo ibẹ̀, èèyàn mẹ́fà tò sí ẹ̀yìn mi tí wọ́n ń dúró de àkàrà. "Àkàrà ni mò ń dín."

Tí mo bá fi máàkì sí "rárá", aláìníṣẹ́ ni màmá yìí nínú ìwé mi. Lẹ́nu wọn, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ bùró, ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún. Mo gbé e lọ sí kíláàsì, olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ ko èyí. Ó ní bí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, BIT, ṣe ní ká béèrè ẹ̀ ni pé: nínú ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ẹ ṣe ohunkóhun tó mú owó tàbí èrè wá, kódà kó jẹ́ wákàtí kan? Wákàtí kan péré, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ oníṣẹ́. Ẹni tí wọ́n máa pè ní ṣomẹ́ẹ̀, aláìníṣẹ́, ni ẹni tí ò ṣe wákàtí kan yẹn, tó ń wáṣẹ́ kiri, tó sì ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ pé. Ìgbà náà ló yé mi ìdí tí nọ́ńbà àwọn aláìníṣẹ́ ilẹ̀ wa fi máa ń kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa á máa ṣépè fún tẹlifísọ̀n. Nọ́ńbà ò purọ́, ohun mìíràn ló ń kà. Ta ló fẹ́ jókòó lásán níbi tí kò sẹ́ni tó ń fún aláìníṣẹ́ lówó oúnjẹ? Ọmọ tó gba licence tó ń gun zẹ́m, kò sí nínú àwọn aláìníṣẹ́. Ẹni tó ta omi tútù fún ọ̀sán kan, kò sí níbẹ̀. Tó o bá fẹ́ rí ìyà wọn, o máa béèrè nǹkan mìíràn: wákàtí mélòó, ṣé o fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé ìwé wà lórí iṣẹ́ náà, èló lo mú dé ilé.

Ẹ̀gbọ́n Kétu tún wá gbọ́ pé láti ìgbà ìpàdé àwọn BIT ní 2013, ẹni tó bá gbin àgbàdo fún ẹnu ilé ẹ̀ nìkan, wọ́n gbà pé ó ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn ò kà á mọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, àpótí ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Inú bí i gidi. Ó ní ìyá òun tó ti wà lóko kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ni wọ́n ń wí? Olùkọ́ ní ká má bínú, pé tẹ́lẹ̀ ńkọ́, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ti ẹni tó ń ta tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí i rárá. Ẹ̀gbọ́n ò gbà. Títí di òní mi ò mọ ẹni tí mo bá ṣe nínú àwọn méjèèjì.

Ó yá, ẹjọ́ mi. Kọ̀ǹpútà. Márùn-ún fún èèyàn mẹ́rìnlá, méjì nínú wọn ń dákú. Nínú ìwé ìpolówó wọn, SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe sítátístíìkì, ni wọ́n kọ ní lẹ́tà ńlá, a débẹ̀, SPSS tí ẹnì kan fọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ni, ó ń bínú, ó ń pa ara ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà iná lọ, gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá, wà lójú wa níbẹ̀, wọ́n ní kò sí epo, wákàtí méjì nínú mẹ́rin tí a san owó ẹ̀ la fi wo ògiri. Ohun tó gbà wá ni Excel tó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká àwọn kan nínú wa. Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi R, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ SPSS, kọ́ wa? Ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùkọ́ méjì ní Auckland, ní New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọ́ kọ́kọ́rọ́ kankan. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ó le fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ káwa sọ pé ó le. KoboToolbox ní tiẹ̀ dáa, wọ́n kọ́ wa dáadáa, o máa gbé ìwé ìbéèrè sórí fóònù, o lè lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí kó o sì fi ránṣẹ́ nígbà tó o bá padà dé, ọ̀fẹ́ sì ni fún irú ẹgbẹ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ keje ló burú jù. Olùkọ́ wa ò wá, wọ́n rán ọ̀dọ́kùnrin kan sí wa pé kó kọ́ wa ní kí-dé àti tẹ́ẹ̀sì Student, ìṣirò tí wọ́n fi ń wò bóyá ìyàtọ̀ tí a rí ju èèṣì lásán lọ. Kò burú níbi ìtàn, ó sọ fún wa pé William Gosset tó ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn, ilé iṣẹ́ bíà Guinness ní Dublin ló wà, kò sì lè fi orúkọ ara ẹ̀ tẹ̀wé jáde, ìyẹn ló fi jẹ́ pé "Student" ló kọ sí i ní 1908. Ìyẹn dùn. Àmọ́ ó wá sọ pé tí p, nọ́ńbà tí tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ máa ń gbé jáde, bá jẹ́ 0,04, ó túmọ̀ sí pé ohun tí a wí ní 96 nínú ọgọ́rùn-ún láti jẹ́ òótọ́. Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Olùkọ́ àgbà ló padà tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, tó fi ìdajì àárọ̀ ṣe é: o máa kọ́kọ́ gbà pé kò sí ìyàtọ̀ kankan rárá láàárín àwọn méjèèjì, kó o wá béèrè pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni kèké á kàn ṣèèṣì fún mi ní ìyàtọ̀ tó tó báyìí tàbí tó jù báyìí lọ? 0,04 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Ó tún ní tí a ò bá ti ṣẹ́ kèké níbẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ àwọn tó rẹ́rìn-ín sí wa lọ́jà la bi, kí-dé ò lè fọ ẹ̀ṣẹ̀ wa. Tí mi ò bá wá ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ńkọ́? Mo ti máa fi 96 yẹn kọ ìròyìn. Àwọn mẹ́ta ò wá o, wọ́n ṣì wà níta pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹjọ́ kẹta, owó ìwé ẹ̀rí. 10.000 lórí 45.000, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n sọ ọ́, kò sí nínú résù, rìsíìtì, tí wọ́n fún wa. Mi ò san án. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sí ògiri tí a wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí torí òun ló mú kí n má lè bú wọn tán. Nígbà tí a kó iṣẹ́ ọjà wa jọ, a rí i pé àwọn ìyá tó ń dá àjọ méjì ń rówó ju àwọn tó ń dá ẹyọ kan tàbí tí ò dá rárá, ìyàtọ̀ náà sì hàn kedere. Ọ̀kan nínú wa ti ń kọ ọ́ pé àjọ ń sọni di olówó, kí ìjọba dá àjọ sílẹ̀ ní gbogbo ọjà. Olùkọ́ ní ṣé àjọ ló mú owó wá, àbí owó ló mú àjọ wá, àbí ẹlòmíì wà tó mú méjèèjì wá? A dákẹ́. Akọ̀wé àwọn ọlọ́jà ló tún là á: wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, ta ló máa gbà á sínú àjọ méjì, wọn ò tíì mọ ilé ẹ̀. Ó ní ó dáa, ẹ yà wọ́n, àwọn tí ò tíì pé ọdún 5 lọ́jà lọ́tọ̀, ọdún 5 sí 15 lọ́tọ̀, àwọn àgbà lọ́tọ̀. A yà wọ́n. Inú àpótí kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ ọ̀hún fẹ́ẹ̀ẹ́ pòórá tán. Mo wo tábìlì yẹn bí ẹni tó rí idán. Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní Calavi, wọ́n fún mi ní fọ́múlà, kò sẹ́ni tó ṣe èyí fún mi rí.

Olùkọ́ tún ní àwọn àwòrán nọ́ńbà kan tó tẹ̀ jáde ní aláwọ̀ mèremère, tó gbé yí kíláàsì ká: àwọn tí Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní Atlanta fọwọ́ yà nípa ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá Paris ní 1900. Pupa, yẹ́lò, ewé, ìlà tó ká bí ìgbín nígbà tí ó gùn ju ojú ìwé lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Bàbá yẹn ló wá kú sí Accra níbí ní 1963. Èmi ń wo bí mo ṣe máa fi irú ìlà ìgbín yẹn sínú ìròyìn wa, ọ̀gá mi ti ní kí n má dán an wò.

Tí ẹ bá ní kí n fún wọn ní nóòtì lórí 20: olùkọ́ àgbà 17, ọjà àti gàrí 18, kọ̀ǹpútà 6, ètò wọn 8. Ẹ má bi mí ní mọyẹ́nì. Ẹni tó bá ti ní ìbéèrè kan lọ́wọ́ tó ń dà á láàmú, kó lọ, àmọ́ kó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dání, kó bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé èló ni ìwé ẹ̀rí, kó sì bi wọ́n pé ta ló máa kọ́ni ní ọ̀sẹ̀ keje. Ẹni tó fẹ́ mọ SPSS nìkan, kó wá ibòmíì.

Ó ku ohun kan. Wákàtí tí ìyá alákàrà sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mẹ́jọ ni: mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Mo kọ 8. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra àkàrà, mo ní Màmá, mo ti kọ tiyín sínú iṣẹ́ wa o, wákàtí mẹ́jọ. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ta ló sọ mẹ́jọ? Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní o béèrè wákàtí tí mo fi ń tà, mo sọ ọ́ fún ọ, ta ló rẹ ẹ̀wà, ta ló bó èèpo, ta ló gbé e lọ sí ẹ̀rọ ní aago mẹ́rin ìdájí, ṣé ìwọ ni? Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi pé kí n jókòó. Mo san owó àkàrà mi, mo ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé mi ò ní tètè dé.